Bàbá Ẹ Dúró Ná, Ẹni Tó Jí Òkú Dìde ní Sinimá

Gbogbo àdúgbò ló mọ ìtàn ọjọ́ tí òkú jí dìde ní sinimá. Àwọn tí kò tilẹ̀ sí níbẹ̀ ló mọ̀ ọ́n sọ jù.

Fíìmù ẹkún ni wọ́n ń fi hàn lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Bàbá kan tó ń fi ọkọ̀ ojú omi gbé èrò sọdá odò ni ìtàn rẹ̀ dá lé lórí. Ọkọ̀ rẹ̀ ní ihò, ó ní òun yóò dí i lọ́la. Kí ọ̀la tó dé, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo wọ inú ọkọ̀ náà, omi sì gbé e lọ. Wọ́n sin ọmọ náà lójú gbogbo èrò kòrókòró. Bàbá rẹ̀ wólẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ sàréè, ó ń pariwo pé òun lòun pa á. Ẹkún gba gbogbo gbọ̀ngàn náà kan. Káfíńtà tó ń kan pósí ní ìsàlẹ̀ òpópónà, ẹni tí gbogbo ènìyàn rò pé ọ̀rọ̀ òkú kò lè ká a lára mọ́, ń fi fìlà nu ojú.

Lójijì, ilẹ̀kùn kan ṣí nínú fíìmù. Ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sin jáde wá, ó ń yán, ó ní kí ìyá òun bá òun wá bàtà òun.

Ariwo ta. "Ó ti jí o! Ọmọ ti jí!" Obìnrin kan ní òun ti mọ̀ tipẹ́, ojú ọmọ yẹn kò jọ ojú òkú láti ìbẹ̀rẹ̀. Káfíńtà fò dìde, ó ń pàtẹ́wọ́. "Ẹ tètè lọ dá pósí yẹn padà," ó ń kígbe, "wọn ò tíì lò ó pẹ́!"

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé inú agolo mẹ́rin ni fíìmù náà wà. Nínú agolo kejì, ọmọ ṣì wà láàyè. Nínú ẹ̀kẹta, wọ́n sin ín. Ẹ̀kẹrin ló yẹ kó tẹ̀ lé e, ṣùgbọ́n Bàbá Ẹ Dúró Ná, ẹni tó ń yí ẹ̀rọ sinimá, tún fi agolo kejì sí i. Ọkùnrin kan sáré gun àtẹ̀gùn lọ bá a.

"Bàbá, ẹ ti ṣì í o! Ọmọ tí wọ́n ti sin tún ń wá bàtà!"

"Ta ló sọ fún ọ pé mo ṣì í? Ṣé ìwọ lo ṣe fíìmù náà ni?"

"Bàbá, òkú ni!"

"Ó dáa. Ṣé inú rẹ ò dùn pé ó jí?"

Ọkùnrin náà sọ̀ kalẹ̀ padà lọ wò ó. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, èrò dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n ní èyí tí ọmọ ti ń jí làwọn fẹ́ wò, kí wọ́n gbé ti tẹ́lẹ̀ pamọ́.

Bí bàbá yìí ṣe rí nìyẹn. Ẹ lè fi ẹ̀rí mẹ́wàá kọ́ ọ lọ́rùn, kò ní gbà pé òun jẹ̀bi. Bí iná bá lọ, á ní àwọn èrò ni wọ́n wo iná náà jù. Bí àwòrán bá dojú kodò, ó lè ní kí ẹ tẹ orí yín wálẹ̀ kí ẹ wò ó dáadáa. Ó sì mú ọ̀rọ̀ fíìmù bí ọ̀rọ̀ ẹbí. Nígbà kan tí wọ́n ń sìnkú lọ́wọ́ nínú fíìmù, ó gbọ́ tí ẹnì kan ń run bísíkíìtì nísàlẹ̀. Ó dá ẹ̀rọ dúró, ó tanná, ó yọrí lójú fèrèsé kékeré rẹ̀.

"Ta ló ń jẹun? A ń sìnkú!"

"Ẹ má bínú, Bàbá," ẹni náà dáhùn, ẹnu rẹ̀ kún. "Ẹ bá mi kí wọn kú ara fẹ́ra kù."

Orúkọ rẹ̀ náà, ẹnu ara rẹ̀ ló ti wá. Bí fíìmù bá ti korò, tí àwọn kan bá dìde pé àwọn ń lọ sílé, ó máa sáré sọ̀ kalẹ̀ lọ dí ẹnu ọ̀nà. "Ẹ dúró ná! Ó ṣì máa dùn!" Bí wọ́n bá ṣe orí kunkun, á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìparí fún wọn níbẹ̀. Àwọn tó jókòó jẹ́jẹ́ náà á sì gbọ́, wọ́n á máa ṣépè fún un láti orí ìjókòó wọn. Ìyàwó rẹ̀, tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì lẹ́nu ọ̀nà, sọ pé òun kò tíì wo fíìmù kan tí òun kò tíì mọ ìparí rẹ̀ tẹ́lẹ̀ láti ọjọ́ tí òun ti fẹ́ ọkọ òun.

Ṣùgbọ́n ẹnì kan wà tí gbogbo "ẹ dúró ná" rẹ̀ kò ràn lọ́wọ́. Àbúrò rẹ̀ obìnrin ni, aránṣọ tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ jù ládùúgbò. Lọ́jọ́ kan, òun àti ọkọ rẹ̀ ti délé kó tó rántí pé bóyá òun kò pa áyọ́ọ̀nù ní ṣọ́ọ̀bù. Ó ní kí ọkọ òun padà lọ wò ó. Ọkọ̀ akẹ́rù kan gbá ọkùnrin náà pa lójú ọ̀nà. Nígbà tí wọ́n dé ṣọ́ọ̀bù, áyọ́ọ̀nù tutù bí omi àmù. Obìnrin náà ti pa iná rẹ̀ látàárọ̀.

Láti ọjọ́ náà ló ti da aṣọ bo ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀. Ẹ̀wù àwọn oníbàárà wà níbẹ̀, òmíràn ní apá kan, òmíràn kò ní ọrùn. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló kù lẹ́nu rẹ̀: "Èmi ni mo rán an." Ó ń rù, ó ń gbẹ. Ẹ̀rù sì ń ba ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé bó bá pẹ́ sí i, òun yóò sin àbúrò òun náà.

Bàbá kò mọ bí wọ́n ṣe ń tu ènìyàn nínú. Fíìmù nìkan ló mọ̀. Ó gbà pé bí àbúrò òun bá lè rí agolo kẹrin, níbi tí ọlọ́kọ̀ náà ti dí ihò, tó sì ń kọ́ àwọn ọmọ abúlé ní ìlúwẹ̀ẹ́, ara rẹ̀ á yá. Obìnrin náà kọ̀ láti wá. Bàbá wá lọ ṣe fíìmù náà fún un ní pálọ̀ rẹ̀. Òun ni ọlọ́kọ̀, òun ni ọmọ, òun ni odò. Ó jókòó sórí àpótí, ó ń wakọ̀, àpótí sì fọ́ mọ́ ọn nídìí.

Àbúrò rẹ̀ kò rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ dìde. Màá wá, kí ẹ má bàa ba ilé mi jẹ́."

Ó wá lóòótọ́. Ní ibi ìsìnkú, ó dìde. Bàbá sáré lé e títí dé ìta.

"Kò tíì tán!"

"Tèmi ti tán, Ẹ̀gbọ́n."

Ìyàwó bàbá ló lọ bẹ̀ ẹ́ kó tó tún padà wá. Ó dì í lọ́wọ́ mú, ó fi í jókòó sábẹ́ fèrèsé ọkọ rẹ̀. Ọjọ́ yẹn gan-an ni ọmọ jí.

Ẹ̀rín tí aránṣọ náà rín kọ́kọ́ ba àwọn tó wà nítòsí lẹ́rù. Ó rẹ́rìn-ín, ó sunkún, ó tún rẹ́rìn-ín. Nígbà tí èrò lọ tán, òun àti ìyàwó bàbá gun òkè lọ bá bàbá.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti ba fíìmù yẹn jẹ́."

Àwọn méjèèjì ń retí àwáwí. Bàbá wolẹ̀. "Mo ṣì í," ó ní. "Ìwọ ni mò ń wò láti ojú fèrèsé, bóyá o máa dìde. Mi ò wo agolo tí mo mú."

Ìyàwó rẹ̀ fi ọwọ́ di ara ògiri mú. Kò gbọ́ irú rẹ̀ rí.

"Ẹ má dá ara yín lẹ́bi," ni aránṣọ sọ. "Ìfẹ́ ló mú yín wò mí."

"Ìwọ ńkọ́? Kí lò ń rò tó o fi rán ọkọ rẹ?"

"Pé kí ṣọ́ọ̀bù má jó. Pé kí iná má jó àwọn tó ń gbé lókè ṣọ́ọ̀bù."

"Hẹn-ẹn. Ọkọ̀ akẹ́rù ló pa á, àbúrò mi. Kì í ṣe ìwọ."

Aránṣọ náà sunkún fún ìgbà pípẹ́, ìyàwó bàbá dì mọ́ ọn. Lẹ́yìn náà ló nu ojú, ó ní kí wọ́n fi agolo kẹrin han òun. Àwọn mẹ́ta wò ó nínú gbọ̀ngàn òfìfo. Ọlọ́kọ̀ wà láàárín àwọn ọmọ nínú omi, ó ń rẹ́rìn-ín. Ojú bàbá kò kúrò lára àbúrò rẹ̀.

"Ta ló rán ẹ̀wù ọrùn ọkùnrin yìí?" ni ohun tó jáde lẹ́nu aránṣọ náà. "Ọrùn rẹ̀ wọ́. Ẹ gbé e wá, kí n tú u."

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó ṣí ṣọ́ọ̀bù. Gbogbo ẹ̀wù tó wà níbẹ̀ ló ní ọrùn àti apá méjì nígbà tó yá. Ó sì jẹ́ alábàárò ẹ̀gbọ́n rẹ̀ títí bàbá fi darúgbó, tí kò fi lè gun àtẹ̀gùn mọ́.

Lọ́dún tó kọjá, ó rán bàbá pé kó bá òun ra òwú búlúù. Òwú pupa ló rà bọ̀. Ó ní òwú kò ní wàhálà, aṣọ ló wá ní àwọ̀ tí kò yẹ. Wọ́n bú sẹ́rìn-ín, bàbá lọ sílé, ó sùn, kò sì jí.

Ẹ̀rù ba gbogbo ẹbí. Ìrònú iṣẹ́ tí aránṣọ rán ọkọ rẹ̀ ló fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á nígbà yẹn. Èyí tún ńkọ́? Ìyàwó bàbá, tí ọ̀fọ̀ wà lọ́rùn òun fúnra rẹ̀, sáré lọ sí ṣọ́ọ̀bù lọ wò ó. Ó bá a nídìí ẹ̀rọ, omi lójú rẹ̀, ó ń rán ẹ̀wù funfun tí wọ́n máa fi sin ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Ìyàwó wa, ẹ fọkàn balẹ̀," ó ní. "Mo rán an, ó lọ, ó dé, a jọ rẹ́rìn-ín. Mi ò jẹ̀bi. Ó kàn ń wù mí kí n rí i ni."

Òwú pupa ló fi rán ẹ̀wù náà.