Ìṣaasùn Tí Mo Sọ Di Ohun Àtijọ́

Òórùn koríko tútù tó ń jóná ló máa ń jí mi láàárọ̀ ọjọ́ tí Iye, ìyá mi, bá fẹ́ sun ìkòkò. Èéfín á gba ojú fèrèsé wọlé, màá sì máa sín títí n ó fi kúrò lórí ẹní. Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà ní Kàbbà nígbà tiwa, kí abọ́ páànù tó gba ilé ìdáná, ẹ mọ èéfín tí mò ń wí.

Iye ò kàwé, ṣùgbọ́n ó ní bó ṣe ń fọwọ́ sí iṣẹ́ rẹ̀. Ọkọ́ ti la èékánná àtàǹpàkò rẹ̀ sí méjì rí, kò sì lẹ̀ pọ̀ mọ́. Bó bá ti yí kùùkù àgbàdo lára ìkòkò tútù kí ó lè ní ọnà, á tẹ èékánná yẹn mọ́ ọrùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta.

Nígbà tí mo pé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni òyìnbó kan dé, tó ń gbẹ́ ilẹ̀ ní ahoro tó wà lẹ́yìn òkè. Ó ga, ó tín-ín-rín, oòrùn sì ti sọ imú rẹ̀ di ata. Àpáàdì ló ń wá! Ògbufọ̀ rẹ̀, tó tún ń bá a gbẹ́lẹ̀, ni Bàbá Jékọ́bù, aládùúgbò wa, tó ti ṣiṣẹ́ kùsà ní Jọ́ọ̀sì tó sì kó èdè òyìnbó bọ̀. Ó ní òyìnbó fẹ́ mọ àwọn tó ń mọ ìkòkò láyé àtijọ́, àti bí ìkòkò ìlú kan ṣe ń dé ìlú mìíràn. Ìlú rẹ́rìn-ín títí. Ẹni tó wọ ọkọ̀ ojú omi wá tan ààtàn bí adìẹ!

Lọ́jọ́ Sátidé kan, Iye lọ sọ́jà, ó ní kí n gbálẹ̀. Mo ń gbálẹ̀, mo ń jó, mo sì ju ìdí sẹ́yìn. Ìdí mi bá ìṣaasùn tuntun tí ìyàwó kátíkíìsì ní kí Iye mọ fún òun. Ó fọ́ sí wẹ́wẹ́.

Mo sunkún díẹ̀. Ìgbà tó yá, ọgbọ́n sọ sí mi: níbo ni ẹnikẹ́ni kì í ti í béèrè ẹni tó fọ́ ìkòkò? Mo fi epo àti eérú pa gbogbo rẹ̀ lára. Lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn ìsìn, nígbà tí ẹnikẹ́ni ò sí níbi iṣẹ́, mo lọ rì í sínú kòtò òyìnbó.

Lọ́jọ́ Ajé, ọkọ́ Bàbá Jékọ́bù ló kàn án. Òyìnbó fi dígí tó ń mú nǹkan tóbi wò ó, ló bá fò sókè. Ó ní òun ò rí irú àmì onílà méjì yẹn rí, pé bóyá láti ilẹ̀ Tápà ni wọ́n ti rù ú wá, kí àwọn baba ńlá wa tó tẹ ibẹ̀ dó. Ó ya àmì náà sínú ìwé. Ó fún Bàbá Jékọ́bù ní agolo sadíìnì, ọkùnrin náà sì gbé e káàkiri àdúgbò kí ó tó ṣí i.

Iye ń wá ìṣaasùn. Ó fura sí ewúrẹ́, ó tún fura sí àwọn orogún rẹ̀. Mo ń bá a wá a, mo ń wo abẹ́ ibùsùn.

Lọ́jọ́ tí Iye tún sun ìkòkò, òyìnbó wá wòran.

"Okun o, Iye," ni Bàbá Jékọ́bù fi kí i. "Ẹ wo ohun tí mo hú jáde."

Iye gba àpáàdì náà. Ó ti àtàǹpàkò bọ ojú àmì, ó wọ̀ ọ́ wẹ́kú. Ó ki Bàbá Jékọ́bù lẹ́wù mọ́lẹ̀.

"Olè! Ìṣaasùn ìyàwó kátíkíìsì rèé!"

"Iye, ohun àtijọ́ ni!"

"Àtijọ́ ta ni? Ọjà tó kọjá ni mo sun ún!"

Àwọn èèyàn pé jọ. Òyìnbó ń wo ògbufọ̀ rẹ̀ bí ẹni tó ti wá mọ̀ pé ọkùnrin náà ló ń fọwọ́ ara rẹ̀ ri ohun tó ń hú. Bàbá Jékọ́bù, tó ní ọmọ márùn-ún nílé, bẹ̀rẹ̀ sí í búra pé òun kọ́. Èdè òyìnbó sá kúrò lẹ́nu rẹ̀, Haúsá nìkan ló kù.

Iye a máa sọ pé àpáàdì ló tó ko iná lójú. Èmi kì í ṣe àpáàdì, ṣùgbọ́n mo jáde.

"Èmi ni. Mo fọ́ ọ, mo sì rì í."

Nígbà tí èdè òyìnbó padà sẹ́nu Bàbá Jékọ́bù, tó sì túmọ̀ ọ̀rọ̀ mi, òyìnbó fa ojú ewé tí àmì náà wà ya nínú ìwé rẹ̀, ó sì rẹ́rìn-ín títí fìlà fi bọ́. Iye nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.

"Ẹ bi í kí ló fi pe ìkòkò tuntun mi ní àtijọ́. Ṣé ó hunjọ ni? Èékánná mi ló ni àmì, ṣùgbọ́n ọnà kùùkù yẹn, ìyá mi ló kọ́ mi. Ẹni tó kọ́ ìyá mi, ará Tápà tí wọ́n gbé níyàwó wá síbí ni."

Òyìnbó tún ṣí ìwé. Ìyàwó ló rìnrìn àjò, kì í ṣe ìkòkò! Títí oòrùn fi kan àtàrí ló ń bi Iye ní ìbéèrè, Iye sì ń dáhùn bí ọ̀gá iléèwé. Ní tèmi, gbogbo ọlidé tó tẹ̀ lé e ni mo fi ru amọ̀ láti odò. Bàbá Jékọ́bù ò dá mi lóhùn títí di Kérésì.

Mo ti ń lọ sí ọgọ́rin ọdún báyìí, wọ́n sì ń pè mí ní Màmá Ìjọ. Láìpẹ́ yìí, ní ìpàdé, wọ́n ń bá akọ̀wé wa wí nítorí lẹ́tà kan tó sọnù. Èmi ni mo gbà á, èmi ni mo fọ̀ ọ́ mọ́ aṣọ. Akọ̀wé ń làágùn. Mo ṣí ìwé orin, mo ń wá orin tí ẹnikẹ́ni ò pè. Wọ́n fi mí ṣe àpẹẹrẹ àgbà tí kì í dá sí ìjà. Ká ní ọmọ ọdún mẹ́sàn-án yẹn wà níbẹ̀ ni, ì bá ti dìde.