Mama Delfina àti Iná Rẹ̀

Rárá o, kì í ṣe alágídí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń bi mí pé kí ni ìyá ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin ń dá ṣe lórí òkè Pradèl, níbi tí yìnyín ti ń mu èèyàn dé orúnkún, ẹ ò mọ Mama Delfina ni. Èmi aládùúgbò ẹ̀, tí ògiri kan ṣoṣo ti wà láàárín ilé wa fún ọdún méjìdínlógún, mo mọ̀ ọ́n.

Igi ló fi ń dáná látìgbà tó ti wọlé ọkọ. Nígbà tí ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún, Loredana ọmọ ẹ̀ ra sítóòfù oníhóró igi fún un. Lẹ́búlẹ́bú igi ni wọ́n kì pọ̀ di hóró kéékèèké; sítóòfù á máa jù ú sínú ìkòkò iná díẹ̀díẹ̀, fáànù á máa fẹ́ ẹ. Ìyá sì ń kẹ́ ẹ bí ọmọ. Láràárọ̀, kó tó mu kọfí, á gbọn eérú dànù, á fi irin tẹ́ẹ́rẹ́ gún ihò ìkòkò iná lọ́kọ̀ọ̀kan, á ti bébà ìròyìn tútù bọ eérú, á fi nu gíláàsì títí táá fi rí ojú ara ẹ̀ níbẹ̀. Tó o bá lọ kí i, kó tó jẹ́ kíkí ẹ, á ní: "Wo iná mi ná! Wò ó bó ṣe ń jó!"

Lóṣù kọkànlá tó kọjá, iná yìí kọṣẹ́. Ó pọ́n, ó ń lọ́ tìrọ̀tìrọ̀, gíláàsì á ti dúdú kó tó di ọ̀sán, eérú ń dì gbagidi bí òkúta. Loredana wá kí i láti ìlú, ó gbóòórùn èéfín lára aṣọ ìyá ẹ̀, ni wàhálà bá dé.

"Màámi, èéfín ń pa èèyàn lójú oorun o! Tí kò bá dáa títí Sọ́ńdè, ẹ ń bá mi lọ sílùú nìyẹn."

"Lókè àjà kẹrin tó ò ń gbé yẹn? Kí n máa wo kí ni? Ẹ̀yìnkùlé oníbúrẹ́dì?"

Ìyá ò jẹun dáadáa lọ́sẹ̀ yẹn. Ní Fúráìdè, Ermes tó ń tún sítóòfù ṣe gòkè wá. Ó fa eérú inú ẹ̀ tán, ó gbá páìpù èéfín, ó yẹ okùn tó ń dí etí ilẹ̀kùn sítóòfù wò, ó dín hóró kù, ó fi kún fáànù. Iná ṣì ń ṣe bí aláìsàn.

"Mama, ṣé hóró yín ò gba omi sára?"

"Omi kẹ̀? Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi ni mo kó o sí! Ó gbẹ jù ẹ́ lọ."

Ermes dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó nawọ́ sẹ́yìn sítóòfù, síbi ihò ara ògiri tó fi ń mí. Ìbọ̀sẹ̀ onírun àgùntàn kan ló fà yọ, ìbọ̀sẹ̀ ọkùnrin. Èmi àti Ermes bá kọjú sí ìyá. Àwọn ará ibí á jáde sínú yìnyín láìdé fìlà, àmọ́ kí atẹ́gùn tín-ín-rín fẹ́ wọn lọ́rùn nínú ilé, ikú ti dé nìyẹn. Ẹ̀gbẹ́ ihò yẹn gan-an ló máa ń jókòó hunṣọ.

"Mama, ta ló ki ìbọ̀sẹ̀ bọ sítóòfù nímú?"

"Atẹ́gùn ń fẹ́ mi lọ́rùn."

"Lẹ bá fún òun náà lọ́rùn!"

Mo rẹ́rìn-ín, àmọ́ ìyá ò rín in. "Ẹ má sọ fún Loredana. Á ní mi ò lè dá gbé mọ́."

"Ẹ ò gbọdọ̀ dí i mọ́ láyé," Ermes ní. "Àga yín la máa gbé."

A gbé e sí tòsí fèrèsé. Ó dá hóró àti fáànù padà síbi tí wọ́n wà tẹ́lẹ̀, ó kan ẹ̀rọ kékeré kan mọ́ ògiri, èyí tó máa ń ké tí èéfín burúkú bá wà. Kò pẹ́, iná dìde dúró ṣánṣán, ó ń tàn yòò.

Ní Sọ́ńdè, Loredana fi áńkáṣíìfù funfun nu gíláàsì. Kò dọ̀tí. "Kí ni Ermes ṣe sí i?"

Mo ṣe bíi pé mò ń wo ìta. Ìyá fúnra ẹ̀ ló ní: "Èmi ni mo dí ihò ẹ̀. Ìbọ̀sẹ̀ bàbá ẹ ni mo fi dí i."

Loredana wo iná, ó wo ẹ̀rọ ara ògiri, ó wo àga níbi tuntun. Ló bá bọ́ bàtà, ó jókòó, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì síwájú iná. "Ó dáa, Màámi. Ẹ dúró síbí."

Ìyá fẹjú mọ́ ọn. "Ṣé ìwọ ni mo fẹ́ gbàyè lọ́wọ́ ẹ̀ ni? Lọ gbé àpò ẹ nínú mọ́tò, ìwọ lo máa sùn sọ́dọ̀ mi lónìí. Ẹsẹ̀ ẹ tutù bí ẹja."