Ìwé Inú Páálí Oògùn Kòkó

Ọkùnrin tó bá mi dáko kòkó lọ́nà Ajue kì í ju páálí oògùn nù. Á yọ ìwé pélébé inú rẹ̀, á tẹ́ ẹ sórí itan, á wá máa fi ìka tọ ọ̀rọ̀ òyìnbó ibẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Àlejò ni nílẹ̀ wa, ìwé mẹ́ta péré ló kà nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀.

Lọ́dún tó kọ́kọ́ dé, èmi ni mo ka ìwọ̀n oògùn tó wà lára páálí fún un, mo sì ṣì í kà. Gbogbo òdòdó kòkó rẹ̀ ló gbẹ dànù. Kò bú mi. Ìwé ló bẹ̀rẹ̀ sí í kà.

Mo lọ ra ìwé ìtàn òyìnbó fún un ní Ọ̀rẹ̀. Ọjọ́ kẹta ló dá a padà.

“Bàbá, ẹ ṣeun. Mi ò mọ àwọn ará inú ìwé yìí, mi ò sì mọ ibi tí wọ́n ń lọ. Ṣùgbọ́n ìwé tó bá ń sọ̀rọ̀ kòkó, bí ọ̀rọ̀ méjì bá rú mi lójú, ẹ̀kẹta á là á yé mi.”

Nígbà tó yá, a jọ lọ ra oògùn. Ìyá tó ń tà á ní, “Ìdérí méjì sí omi páǹpù ìfín-oògùn kan.”

Ọkùnrin náà ti yọ ìwé inú páálí, ó nà án sí i. “Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹyọ kan ni wọ́n kọ síbí.”

“Hẹn-ẹn! Tíṣà Ajue!” Ìyá náà rẹ́rìn-ín, ó wo ìwé, ẹ̀rín sì tán lẹ́nu rẹ̀.

Ọkùnrin náà ti padà sílùú rẹ̀ báyìí. Àwọn ìwé inú páálí tó kó jọ ṣì wà nínú abà, ó fi okùn dì wọ́n. Èmi tí mo kàwé jù ú lọ, n kì í po oògùn mọ́ láìkọ́kọ́ fi ìka tọ ọ̀rọ̀ inú ìwé rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.