Ògiri Tí Mo Ní Kí Wọ́n Fi Sìmẹ́ńtì Rẹ́

Òjò winniwinni ló ń rọ̀ ní Peckham, ní Lọ́ńdọ̀nù, láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé yẹn, irú èyí tí kì í lu òrùlé kéèyàn gbọ́, àfi kó ṣáà máa rin aṣọ. Ojú ọ̀run dà bí omi tí wọ́n fi ṣan ìkòkò. Láti fèrèsé kíṣìnnì wa lókè kẹta, ekukáká ni mo fi ń rí bọ́ọ̀sì tó ń kọjá nísàlẹ̀.

Ọmọbìnrin mi ti lọ síbi iṣẹ́. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ló gbé fóònù wá bá mi níbi tí mo ti ń ṣa ẹ̀wà.

“Grandma, àwọn people yín ní abúlé ń pè o. Fídíò ni. Ẹ wé gèlè.”

“Gèlè kí ni? Ṣé wọ́n fẹ́ wá tọrọ mi ni?”

Abúlé ọkọ mi ni wọ́n ti ń pè. Ilé amọ̀ kan wà níbẹ̀ tí bàbá bàbá ọkọ mi kọ́, òun ni ilé àkọ́kọ́ ní abúlé náà. Ìyàwó tuntun kì í sùn nínú rẹ̀ àfi tó bá ti fi ìka ọwọ́ fa ilà tirẹ̀ sára ògiri iwájú, nígbà tí amọ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rẹ́ síbẹ̀ ṣì tutù. Ìyá ọkọ mi fa tirẹ̀ bí ìgbì omi. Èmi fa tèmi bí imọ̀ ọ̀pẹ. Lọ́dọọdún, tí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, àwa ìyàwó ilé la máa ń po amọ̀ mọ́ ìgbẹ́ màlúù àti omi èèpo irúgbá tá a sè, a ó fi dí ibi tí ògiri bá ti lanu, a ò sì ní bo ilà ẹnikẹ́ni.

Wọ́n fẹ́ tún ilé náà ṣe báyìí, kí àwọn ọmọ iléèwé lè máa wá wò ó. Ògiri iwájú ti wó lójò tó kọjá. Baálé ilé ló mú fóònù lọ́wọ́, àwọn àgbà jókòó yí i ká. Ìyàwó àbúrò ọkọ mi dá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Opó ni. Kí ògiri tó wó, òun ló ń gbé inú ilé náà, tó ń gbá a, tó sì ń tọ́jú kọ́kọ́rọ́ rẹ̀.

“Ìyàwó, o ò tíì di yìnyín níbẹ̀?”

“Yìnyín ò tíì rí mi gbé mì, Bàbá. Ẹ kú ilé o.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní kí n sọ bá a ṣe ń po amọ̀, torí àwa tó mọ̀ ọ́n ò pọ̀ mọ́. Mo bẹ̀rẹ̀. Àgbà kan já lu ọ̀rọ̀ mi.

“Amọ̀ kọ́ ló ṣe wá, sìmẹ́ńtì ni. Àbúrò ọkọ yín ló lọ fi sìmẹ́ńtì bo ògiri. Omi wọlé, kò rọ́nà jáde, amọ̀ jẹrà sínú. Nígbà tó wó, ó kó gbogbo ilà àwọn ìyá wa lọ.”

“Ọ̀lẹ ni,” ẹlòmíràn sọ. “Kò fẹ́ kí ìyàwó ẹ̀ máa po amọ̀ ni.”

Baálé ní, “Ìdí nìyẹn tá a fi gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ ìyàwó ẹ̀. Ẹni tí ọkọ ẹ̀ ba nǹkan jẹ́, a ò lè ní kó tún máa ṣọ́ ọ. Àbí kí lo rí sí i, ìyàwó?”

Obìnrin náà ò gbójú sókè. Ó ń ká etí ìró rẹ̀ mọ́ ìka.

Mo ní, “Bẹ́ ẹ bá ṣe rí i náà ni, Bàbá.” Mo ní mi ò gbọ́ wọn dáadáa mọ́. Mo pa fóònù.

Irọ́ ni. Ketekete ni mò ń gbọ́ wọn.

Èmi ni mo ní kí wọ́n fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ẹ. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, mo fi fọ́tò ilé náà han obìnrin kan níbi tá a ti ń dirun ní Rye Lane. Ó ní, “Ilé amọ̀! Ẹ wà ní Lọ́ńdọ̀nù, eku ń gbẹ́ ilé ọkọ yín!” Gbogbo ṣọ́ọ̀bù bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà bá wọn rín in. Mi ò tíì délé tí mo fi pe àbúrò ọkọ mi látinú bọ́ọ̀sì.

“Ìyàwó wa, amọ̀ yìí ń mí o,” ó ní. “Tá a bá dí i nímú, á kú.”

“Ọkọ mi, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi mí ṣẹ̀sín mọ́. Ẹ ṣáà rẹ́ ẹ.”

Ó rẹ́ ẹ, nítorí aya ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni mo jẹ́.

Ẹ̀wà yẹn jinná, mi ò lè jẹ ẹ́. Ọmọ-ọmọ mi wò mí títí.

“Grandma, ṣé wọ́n pariwo mọ́ yín ni?”

“Wọn ò sọ nǹkan kan sí mi. Ohun tó ń dùn mí nìyẹn.”

Lọ́jọ́ kejì, kí àwọn ará abúlé tó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, mo ní kí ọmọ-ọmọ mi bá mi pe Baálé, kí wọ́n sì kó gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ lánàá jọ. Mo kúnlẹ̀ sórí kápẹ́ẹ̀tì níwájú fóònù, pẹ̀lú gbogbo bí orúnkún ṣe ń ro mí. Mo sọ ọ́ bó ṣe jẹ́, àti ẹ̀rín tí mo rín nínú ṣọ́ọ̀bù.

Baálé ní, “Háà, ìyàwó.”

Mo bi opó náà bóyá ó mọ̀.

“Mo mọ̀, ìyálé mi. Ọkọ mi sọ fún mi kó tó kú. Ó ní kí n má wí i fẹ́nì kankan, pé ojú á tì yín.”

Mo bẹ Baálé pé kí wọ́n fún un ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ padà lójú mi. Wọ́n tọwọ́ bọ àpò agbádá, ó pẹ́ kí wọ́n tó rí i. Mi ò dìde títí tó fi bọ́ sí i lọ́wọ́.