Àgbò Iléyá Tó Wọ Inú Àròkọ

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ wọ kíláàsì gẹ́gẹ́ bíi tíṣà, mo so ìró mi le dáadáa. Ìsàlẹ̀ Òkè Màpó ni ilé-ìwé wa wà. Ìjọba ṣẹ̀ṣẹ̀ ní kí gbogbo ọmọ máa kàwé lọ́fẹ̀ẹ́ ni, àwọn ọmọ sì ya wọlé ju iye tíṣà tó wà nílẹ̀ lọ. Ohun tó jẹ́ kí wọ́n gba irú èmi tí mo ka ìwé mẹ́fà péré nìyẹn. Mi ò dé kọ́lẹ́ẹ̀jì tí wọ́n ti ń kọ́ṣẹ́ tíṣà rí. Iṣẹ́ aṣọ rírán ni mo ń kọ́ lọ́wọ́ ní Bẹẹrẹ, kí ẹ̀gbọ́n mi tó wá pè mí pé wọ́n ń wá ẹni tó mọ̀wé.

Ọ̀gá ilé-ìwé wa, bàbá jẹ́jẹ́ kan báyìí tó fẹ́ràn kọfí, fún mi ní kíláàsì ìwé kejì.

“Mísì,” ni wọ́n wí, “àwọn ọmọ wọ̀nyí ti mọ a, b, d. Wọ́n lè kọ orúkọ wọn. Ohun tó kù ni kí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ tó lórí, tó nídìí.”

Mo ní, “Ẹ ṣeun, sà.” Mo rò pé nǹkan kékeré ni.

Àròkọ là ń pe iṣẹ́ náà. Ọmọ á jókòó, á ro nǹkan, á kọ ọ́ sórí síléètì, ọ̀rọ̀ á máa tẹ̀lé ara wọn títí á fi di ìtàn. Bẹ́ẹ̀ la fẹ́ kó rí. Ohun tí àwọn ọmọ mi ń kọ nìyí: “Eléyìí ni ilé. Mo ní bàbá. Ajá ń sáré. Ilé dára.” Ó tán. Gbólóhùn kọ̀ọ̀kan dá dúró bí èrò tó ń retí mọ́tò, tí ẹnì kan ò mọ ẹnì kejì. Bí mo bá bi wọ́n pé, “Kí ló wá ṣẹlẹ̀ sí ajá náà?” wọ́n á gbójú sókè, wọ́n á máa wo páànù.

Ohun tó ń dùn mí ni pé bí agogo ìsinmi bá ti dún, ọmọ tó kọ “Ajá ń sáré” náà ni màá gbọ́ lábẹ́ igi tó ń ròyìn bí ajá ilé wọn ṣe jí àkàrà gbé, ẹni tó lé e, ibi tó ti fò lé òkìtì, àti ohun tí ìyá alákàrà wí. Ọ̀rọ̀ kún ẹnu wọn. Kò kàn dé ọwọ́ wọn ni.

Ibi tí mo ti ń dààmú kiri lórí ìyẹn ni bàbá Ràfátù, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ kíláàsì mi, wá bá mi. Ahunṣọ òfì ni bàbá náà, ní Ìdí Arẹ̀rẹ̀. Bí ọjà Òjé bá pé, ibẹ̀ ni wọ́n ń kó aṣọ wọn lọ. Wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì àwọn ọmọ, orúnkún wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n.

“Tíṣà, mo ní kí ọmọ mi kọ nǹkan fún mi nílé. Ó kọ ọ́. Mo ní kí ọmọ àbúrò mi tó wà ní ilé-ìwé gíga kà á. Ẹ mọ ohun tó wà níbẹ̀? ‘Mo rí ìkòkò.’”

Wọ́n fọwọ́ gbá bẹ́ǹṣì.

“Ìkòkò wo? Ìkòkò ta ni? Kí ló ṣe ìkòkò? Ṣé torí ìkòkò yìí ni mo ṣe yọ̀ǹda ẹni tó ń bá mi ṣọ́ òkúta?”

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé òkúta yẹn. Òwú tí ahunṣọ fẹ́ hun gùn gan-an. Iwájú ilé ni wọ́n ń ta á sí, á lọ jìnnà, wọ́n á wá so ìparí rẹ̀ mọ́ òkúta ńlá tí wọ́n gbé lé pákó. Bí wọ́n ṣe ń hun ún ni òkúta ń wọ́ bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ wà nídìí ẹ̀ tí á máa lé ewúrẹ́, tí á máa sọ fún àwọn tó ń kọjá pé kí wọ́n yà. Iṣẹ́ Ràfátù nìyẹn kó tó di ọmọ ilé-ìwé.

Bàbá náà dìde. “Mi ò bá yín jà o. Àmọ́ bí táàmù yìí bá parí, tí kò bá lè kọ ohun tí wọ́n á kà fún èmi púrúǹtù tó máa yé mi, ilé ló máa padà sí. Mo ti sọ tèmi.”

“Mo gbọ́, bàbá.”

Ọmọbìnrin tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ ni Ràfátù, ojú ẹ̀ mú bí abẹ́rẹ́. Mi ò fẹ́ kó lọ.

Kò pẹ́ sígbà náà, ṣọ́ọ̀kì tán lọ́wọ́ mi. Mo rán Ràfátù sí Mísì tó wà ní ìwé kìíní kó bá mi tọrọ díẹ̀. Ó lọ, ó dé, ó kúnlẹ̀.

“Mísì, ẹ̀yin lẹ rán mi. Mo bá wọn, wọ́n ń jẹun, ni mo bá dúró títí wọ́n fi ṣanwọ́. Mo ní ẹ ní kí wọ́n jọ̀ọ́ fún yín ní ṣọ́ọ̀kì. Wọ́n ní tàwọn náà ti fẹ́ tán, àmọ́ torí pé ẹ fún àwọn lọ́jọ́sí, àwọn á dá eléyìí sí méjì. Òun ni mo mú wá yìí.”

Ọwọ́ mi dúró lójú bọ́ọ̀dù.

“Ràfátù, tún un sọ.”

Ojú ẹ̀ yí padà. “Mísì, mi ò jẹ nínú oúnjẹ wọn o!”

Mo rẹ́rìn-ín títí. Àbí ẹ ò rí nǹkan? Ìtàn gidi lọmọ yìí sọ yẹn, ó lórí, ó nídìí, kò sì mọ̀. Ní agboolé wa nílẹ̀ Ìbàdàn, bí wọ́n bá rán ọmọ níṣẹ́, tó dé tó kàn ní “Wọ́n ní rárá,” wọ́n á dá a padà ni. “Padà lọ. O ò tíì jíṣẹ́.” Ọmọ gbọ́dọ̀ sọ ẹni tó rán an, ohun tó bá wọn níbẹ̀, ohun tí wọ́n wí, àti ìdí tí wọ́n fi wí i. Kí ọmọ tó mọ a, b, d ló ti mọ iṣẹ́ jíjẹ́. Àwa tíṣà la kò pè é jáde.

Láti ọjọ́ náà, ìránṣẹ́ ni kíláàsì mi ń ṣe. Lágbájá, lọ wo ohun tí ìyá eléèkuru ń ṣe ní ẹnu géètì. Tàmẹ̀dù, lọ wo ohun tó ń pariwo nídìí kànga. Bí wọ́n bá dé, wọ́n á fi ẹnu jíṣẹ́ fún mi. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á jókòó, tí wọ́n á jẹ́ ẹ fún síléètì. Ẹni tó bá kọ “Mo rí ìyá eléèkuru” tó sì dákẹ́, gbogbo kíláàsì á pariwo lé e lórí, “Padà lọ! O ò tíì jíṣẹ́!” Òun náà á rẹ́rìn-ín, á sì tún síléètì fà.

Kò ṣàìní wàhálà tiẹ̀. Mo rán ọmọ kan sí ọ́fíìsì Ọ̀gá lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ohun tó kọ wá ni: “Mo bá Ọ̀gá, wọ́n ń sùn. Mi ò jí wọn torí pé wọ́n ń rẹ́rìn-ín lójú oorun, mo rò pé wọ́n ń jẹ nǹkan dídùn.” Ọmọ náà gbé e kiri fún gbogbo èèyàn kà. Ọ̀gá wá bá mi. “Mísì, ẹ jọ̀ọ́, bí ọ̀sán bá ti pọ́n, ẹ máa rán wọn síbòmíì.”

Báyìí ni táàmù fẹ́ parí. Ọjọ́ tí àwọn òbí máa wá gbọ́ ìwé kíkà ọmọ wọn ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Iléyá ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá. Mo ní kí oníkálukú jíṣẹ́ ilé rẹ̀ fún mi nínú ìwé. Nígbà tí mo ka ti Ràfátù, mo jókòó.

Ọ̀rọ̀ àgbò bàbá ẹ̀ ló kọ. Gbogbo wa ló ti gbọ́ ọ kiri àdúgbò, pé àgbò Iléyá fa òwú bàbá Ràfátù já, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé e dé Ọjà'ba. Bàbá ní àwọn ọmọ aládùúgbò ló lọ so àgbò mọ́ òkúta òwú. Ìyẹn kọ́ lohun tí Ràfátù kọ.

Mo gbé e fún Ọ̀gá. Wọ́n kà á, wọ́n bọ́ dígí ojú wọn. “Ẹ fún un ní òmíràn kọ, Mísì. Bàbá yìí á fa ọmọ ẹ̀ jáde kó tó kà á dé ìdajì.”

Òótọ́ ni wọ́n ń sọ. Àmọ́ bí mo bá gba eléyìí lọ́wọ́ ẹ̀, ìkòkò ló máa padà sí. Mo tún un kà dé ìparí, mo wá dá a padà fún ọmọ. “Kà á bó ṣe wà yìí.”

Lọ́jọ́ náà, yàrá kún dẹ́múdẹ́mú. Bàbá Ràfátù dúró lẹ́bàá ògiri, wọ́n kawọ́. Ìyá Sàká tí wọ́n jọ ń gbé àdúgbò wà níwájú. Ràfátù bọ́ síwájú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà:

“Ọjọ́ tí Iléyá ku ọ̀la, bàbá mi ń hunṣọ. Àgbò wa ń jẹ òwú, ni bàbá mi bá so ó mọ́ òkúta. Nígbà tó yá, obìnrin kan gbé igbá ewé kọjá. Àgbò tẹ̀lé ewé, òkúta tẹ̀lé àgbò, òwú tẹ̀lé òkúta, bàbá mi sì tẹ̀lé òwú, wọ́n ń pariwo.”

Ilé dà rú fún ẹ̀rín. Ìyá Sàká fò dìde. “Ẹ̀hẹn! Bàbá Ràfátù! Ṣé àwọn ọmọ tèmi tẹ́ ẹ bú bí ẹni pé àwọn ló so àgbò nìyẹn?”

Bàbá Ràfátù kúrò lẹ́bàá ògiri. Ràfátù gbé ìwé wálẹ̀, ó ń wo bàbá ẹ̀. Ọ̀gá wò mí.

Mo ní, “Ràfátù, o ò tíì jíṣẹ́ tán.”

Ó gbé ìwé náà sókè, ó fi bojú:

“Bàbá mi ò fẹ́ so ó síbẹ̀. Èmi ni mo máa ń di àgbò mú, èmi ni mo máa ń ṣọ́ òkúta. Àmọ́ mo wà nílé-ìwé lọ́jọ́ náà, torí pé bàbá mi ní kí n lọ. Iṣẹ́ èèyàn méjì ni wọ́n ń dá ṣe kí n lè mọ̀wé. Ìdí tí òwú fi já nìyẹn.”

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́. Bàbá Ràfátù dúró láàárín wa, wọn ò tẹ̀ síwájú, wọn ò padà sẹ́yìn.

“Ẹ ní kó tún ibẹ̀ kà,” ni wọ́n wí.

“Ibo, bàbá?”

“Ibi tó ti ní mi ò fẹ́ so ó síbẹ̀.”

Ó tún un kà. Bàbá yíjú sí Ìyá Sàká. “Ẹ gbọ́ àbí? Gbogbo àdúgbò ló ń bi mí pé kí ló ṣẹlẹ̀. Kò sẹ́ni tó bi mí pé kí ló fà á.”

“Ẹ sì purọ́ mọ́ àwọn ọmọ mi.”

“Mo purọ́, ẹ má bínú. Ẹran ni mo fi máa bẹ̀ yín.”

“Ẹran àgbò náà ni?”

“Ìyẹn ti tán. Èmi náà ò jẹ tó bó ṣe mú mi sáré tó.”

Ìgbà yìí, ẹ̀rín tó bú jáde, wọ́n gbọ́ ọ dé ìwé kìíní. Bàbá Ràfátù wá yíjú sí mi, wọ́n ṣí fìlà. “Tíṣà,” ni wọ́n wí, “ó yé mi.” Wọ́n jáde lọ. Wọ́n fi ọmọ sílẹ̀ síbi tó wà.

Ràfátù ò kúrò nílé-ìwé mọ́. Bí a bá jáde lọ́sàn-án, á lọ ṣọ́ òkúta, á gbé ìwé lé orúnkún. Èmi náà ń bá iṣẹ́ lọ, Ọ̀gá sì ní kí àwọn tíṣà yòókù wá wo bí a ti ń rán ọmọ níṣẹ́ lọ sínú síléètì. Nígbà tí àwọn tó kọ́ṣẹ́ tíṣà wá pọ̀ káàkiri, mo padà sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ mi ní Bẹẹrẹ, ọkàn mi balẹ̀.

Ibẹ̀ ni mo jókòó sí lọ́sàn-án ọjọ́ kan, lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, tí ọ̀dọ́mọbìnrin kan wọlé, ó wọ bàtà tíṣà, lẹ́búlẹ́bú ṣọ́ọ̀kì wà létí aṣọ ẹ̀. Ojú tó mú bí abẹ́rẹ́ yẹn ni mo fi dá a mọ̀. Ó kúnlẹ̀ gẹ́gẹ́ bó ṣe máa ń ṣe.

“Mísì, ẹ̀yin lẹ rán mi,” ni Ràfátù wí. “Mo lọ, mo bá àwọn ọmọ ìwé kejì, ajá wọn ń sáré, kò sì síbi tó ń lọ. Mo ní kí wọ́n padà lọ wò ó dáadáa. Nígbà tí wọ́n dé, ọ̀rọ̀ wọn ò gba síléètì mọ́, torí ẹ̀ ni mo ṣe wá tọrọ bébà lọ́wọ́ yín.”

Mo kó gbogbo bébà tí mo fi ń gé àwòrán aṣọ jọ, mo gbé e fún un.

“Dìde, ọmọ mi,” ni mo wí. “O jíṣẹ́.”