Òórùn Tùràrí Lára Gáùn Àrán

Ẹ dákun, ẹ bá mi fojú fo àṣìṣe tí ẹ bá rí níhìn-ín. Abẹ́rẹ́ ni ọwọ́ mi mọ̀ ọ́n mú, kò mọ bíírò mú. N kò parí ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ n'Ílọrin kí wọ́n tó mú mi lọ síbi iṣẹ́ aṣọ rírán, ojú sì máa ń tì mí láti sọ̀rọ̀ níbi tí èèyàn bá pọ̀ sí. Ṣùgbọ́n àwọn ará wa tó ń kó aṣọ wá bá mi ní Manchester níbí kì í yé bi mí pé, "Ta ló tú ẹ sílẹ̀?" Ìdáhùn rẹ̀ kò ṣeé sọ lẹ́nu ọ̀nà. Inú ṣì ń bí mi tí mo bá rántí, n kò sì ní díbọ́n pé kò bí mi mọ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ ọ́ sílẹ̀.

Apá ìparí àwọn ọdún 1980 ni mo dé ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin. Kò pẹ́ tí mo dé ló mú mi lọ bá Màdáámù, aránṣọ kan ní Newton Heath, nínú Manchester níbí. Yàrá iwájú ilé wọn ni wọ́n fi ṣe ṣọ́ọ̀bù, ní àdúgbò tí gbogbo ilé ti fara kọ́ra bí eyín ẹnu. Ìyá Tóyìn ni àwọn ẹgbẹ́ wọn ń pè wọ́n. Àwa òṣìṣẹ́ ń pè wọ́n ní Màdáámù. Wọ́n wò mí látòkè délẹ̀.

"Ṣé o gba fírídọ̀ọ̀mù nílé?"

"Rárá, mà. Ó kù díẹ̀ kí n gbà á ni ìrìn-àjò dé."

"Á jẹ́ pé ọmọ iṣẹ́ ṣì ni ẹ́. Jókòó síbẹ̀ yẹn."

Ẹni tí kò kọ́ṣẹ́ ọwọ́ rí lè má mọ bí ọ̀rọ̀ yẹn ti wúwo tó. Fírídọ̀ọ̀mù ni ọjọ́ tí ọ̀gá máa gbàdúrà fún ọmọ iṣẹ́ lójú èèyàn, tí yóò fa àlùmọ́gàjí lé e lọ́wọ́, tí yóò sì ní, "Mo tú ọ sílẹ̀, máa lọ jẹun lọ́wọ́ ara rẹ." Títí di ọjọ́ náà, kò sí aṣọ tó jẹ́ tìrẹ. Bó bá dára, ọ̀gá ló mọ̀ ọ́n rán. Bó bá bàjẹ́, ọmọ iṣẹ́ ló bà á jẹ́. A gbé àṣà yìí sọdá òkun wá, bí a ṣe gbé ata gbígbẹ wá.

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ mi láràárọ̀ ni kí n fi òwú sí abẹ́rẹ́ mọṣíìnì Màdáámù. Ojú wọn ti ń ṣe bàìbàì, ṣùgbọ́n wọn kò gbà láti lo awò. Wọ́n ní awò ló ń sọ obìnrin di ìyá àgbà. Bí mo bá pẹ́ dé, wọn a máa fi òwú gún ẹ̀gbẹ́ abẹ́rẹ́ káàkiri. Rónkẹ́, ọmọ ẹ̀gbọ́n wọn láti Ìbàdàn, tó ń ṣe ojú bọ́tìnnì lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, a ní, "Àǹtí, ihò abẹ́rẹ́ lẹ̀ ń wá ni, àbí ihò eku?" Màdáámù a sọ bọ́bìn lù ú, gbogbo wa a rẹ́rìn-ín. Mo fẹ́ràn ibẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìyẹn náà, kí n má baà ṣèké.

Láàárín àwọn oníbàárà wa, Mọ́mì Kúnlé ni olórí wọn. Ramsbottom, ìlú kékeré kan lẹ́yìn Manchester, ni ilé olókùúta wọn wà, ṣùgbọ́n iléeṣẹ́ kan ti gba ọkọ wọn, tó jẹ́ ẹnjiníà, lọ sí Dubai. Bí wọ́n bá wá sílé nígbà ooru àti nígbà Kérésì, ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n ti ń rán aṣọ òde wọn. Kí n tó mọ̀ wọ́n, èrò tèmi ni pé ohun tó dà bí àpò ìrẹsì ni àwọn obìnrin ń wọ̀ lọ sóde nílẹ̀ Lárúbáwá. Àwọn ni wọ́n là wá lójú.

"Ẹ wò ó," wọ́n ní lọ́jọ́ kan, "tá a bá lọ mu kọfí lọ́dọ̀ àwọn ìyàwó òyìnbó, bùláòsì àti síkẹ́ẹ̀tì ti tó. Tí iléeṣẹ́ bá pè wá sí hòtẹ́ẹ̀lì, ọkùnrin máa wà níbẹ̀: ẹ bo apá, ẹ bo àyà. Ṣùgbọ́n ìgbéyàwó àwọn onílùú! Obìnrin nìkan ló ń wọ gbọ̀ngàn yẹn. Wọ́n á bọ́ ábáyà dúdú sẹ́nu ọ̀nà, ohun tó wà lábẹ́ ẹ̀, ẹ̀ẹ́n! Ojú yín á fẹ́ẹ̀ fọ́."

"Ooru ńkọ́, mà?" Rónkẹ́ bi wọ́n.

"Ooru wo? Ẹ̀rọ amúlétutù ń fẹ́ bíi yìnyín. Èmi máa ń gbọ̀n ni."

Wọ́n tún sọ bí òde náà ṣe ń parí fún wa. Onílé á gbé ìkòkò tùràrí kékeré kan kiri láti ọ̀dọ̀ ẹnì kan sí ọ̀dọ̀ ẹnì kejì, obìnrin kọ̀ọ̀kan á sì ṣí ìṣẹ́tí gáùn rẹ̀ díẹ̀ kí èéfín lè wọ abẹ́ aṣọ. Mọ́mì Kúnlé dìde, wọ́n fi síkẹ́ẹ̀tì ara wọn ṣàpẹẹrẹ, wọ́n lóṣòó bí adìyẹ tó fẹ́ sàba. A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa. "Tí wọ́n bá ti gbé tùràrí dé," wọ́n ní, "ẹ máa lọ sílé yín ni wọ́n ń wí yẹn o. Aṣọ náà á sì máa ta sánsán títí, kò sí bẹ́ ẹ ṣe lè gbọ̀n ọ́n dànù."

Nígbà ooru ọdún tó tẹ̀ lé e, wọ́n gbé àrán wá, àwọ̀ ewé tó ṣú, fún ìgbéyàwó ọmọ ọ̀gá ọkọ wọn, tó jẹ́ onílùú lọ́hùn-ún. Màdáámù wo àrán náà, wọ́n wá wò mí.

"Ràfíà, ìwọ lo máa gé e. Bó bá ṣe jáde ni màá fi mọ̀ bóyá o tó tú sílẹ̀."

Àrán kì í ṣe aṣọ eré. Ó ní irun lára bí ológbò: bí o bá fọwọ́ pa á wálẹ̀, a máa dán, bí o bá pa á sókè, a ṣú. Gbogbo ègé rẹ̀ gbọ́dọ̀ kọjú síbì kan náà, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ apá á máa dán, àyà á ṣú, bí ìgbà tí wọ́n fi aṣọ ẹni méjì lẹ̀ mọ́ra. Áyọ́ọ̀nù kò gbọ́dọ̀ kàn án lójú. Tàdúràtàdúrà ni mo fi gé e. Mo rán kóòtù péńpé kan tẹ̀ lé e, èyí tí wọ́n lè bọ́ sílẹ̀ níbi tí kò bá sí ọkùnrin, kí gáùn kan náà lè bá òde hòtẹ́ẹ̀lì àti ìgbéyàwó mu. Nígbà tí Mọ́mì Kúnlé wọ̀ ọ́ wò, wọ́n na ọwọ́ méjèèjì sókè bí ẹni tó ń ká máńgòrò.

"Apá ń lọ, apá ń bọ̀! Ìyá Tóyìn, ọwọ́ ọmọ yìí dáa o."

Nígbà tó ku oṣù kan sí Kérésì, Màdáámù mú ọjọ́ fún mi: Sunday tó bá tẹ̀ lé Kérésì. Pásítọ̀ tiwọn á gbàdúrà, alùfáà mọ́ṣáláṣí tiwa náà á gbàdúrà. Rónkẹ́ ní pẹ̀lú àdúrà ọ̀nà méjì, bí mo bá dijú gé aṣọ, kò ní wọ́. Ẹ̀gbọ́n mi ti ké sí àwọn ará wa. Ìyá wa n'Ílọrin ra àlùmọ́gàjí tuntun, wọ́n fi rán ẹnì kan tó ń bọ̀ láti Èkó, pé òun ni kí Màdáámù fà lé mi lọ́wọ́ lọ́jọ́ náà. Mo tọ́jú rẹ̀ pẹ̀lú páálí rẹ̀ sínú báàgì tí mo ń gbé lọ síbi iṣẹ́.

Kérésì ti kù sí dẹ̀dẹ̀ nígbà tí Mọ́mì Kúnlé wọlé nínú òjò. Wọn kò dáhùn ìkíni wa. Wọ́n ju báàgì kan sórí tábìlì.

"Ìyá Tóyìn, ẹ wá wo ohun tí ọmọ iṣẹ́ yín fojú mi rí!"

"Kí ló dé, Mọ́mì Kúnlé?"

"Gáùn ò wọ̀ mí! Ó fún mi lábíyá. Inú kọ́bọ́ọ̀dù ló wà látìgbà yẹn, n ò fi kan ara. Aṣọ àtijọ́ ni mo wọ̀ lọ sí ìgbéyàwó ọmọ ọ̀gá ọkọ mi, bí alágbe. Ẹ gbà á, n ò fẹ́ ẹ mọ́. Ẹ rán òmíràn fún mi dípò ẹ̀ kí n tó padà." Wọ́n fa sílíkì aláwọ̀ àlùbọ́sà kan jáde. "Ọwọ́ yín ni mo fẹ́ o. N ò fẹ́ ọwọ́ ọmọ iṣẹ́ kankan."

"Ràfíà," Màdáámù ní, "kúnlẹ̀, kí o bẹ̀ wọ́n."

Mo kúnlẹ̀. Ẹnu báàgì àrán náà ti ṣí, etí tábìlì ló sì wà, ọ̀gangan imú mi gan-an. Òórùn tùràrí tú jáde nínú rẹ̀ bí ìgbà tí wọ́n ṣílẹ̀kùn yàrá ìyàwó tuntun. Àrán máa ń mu òórùn bí fóòmù ṣe ń mu omi. Gáùn yẹn ti lọ sóde, ó sì dúró títí òde fi parí. Wọ́n ti ṣí ìṣẹ́tí rẹ̀ fún èéfín, bí Mọ́mì Kúnlé ṣe fi hàn wá níbí lójú gbogbo wa. Ọ̀rọ̀ náà kò sì ṣòro. Àwọn obìnrin Dubai ọ̀hún ti rí gáùn náà lára Mọ́mì Kúnlé, Mọ́mì Kúnlé ò sì fẹ́ kí wọ́n tún rí i lẹ́ẹ̀kejì.

Rónkẹ́ sín. Ó tún sín. "Ẹ má bínú o," ó ní, "nǹkan kan ló ń ta mí nímú."

Màdáámù gbé gáùn náà sókè síbi iná. Láti ilẹ̀ níbi tí mo wà ni mo ti ń wo ojú wọn. Mo rí i nígbà tí wọ́n fà á símú. Ojú wọn yí padà díẹ̀, wọ́n sì yára ká aṣọ náà padà sínú báàgì. Mo ní nínú ara mi pé, ó parí, Màdáámù ti mọ̀, wọ́n á ní kí n dìde.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú," ni wọ́n sọ fún Mọ́mì Kúnlé. "Èmi fúnra mi ni màá rán èyí. Ẹni tó fi àrán ṣe báyìí, ṣé ẹ rò pé a tún máa tú u sílẹ̀ ní Sunday yẹn? Ó di ọdún mìíràn."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Kó lọ kọ́ṣẹ́ dáadáa."

"Ẹ dárí jì mí, mà," ni mo ń wí lórí ìkúnlẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, mà." Mo ń tọrọ ìdáríjì lọ́wọ́ ẹni tó ṣẹ̀ mí.

Nígbà tí Mọ́mì Kúnlé lọ tán, mo dìde.

"Mà," mo ní, ohùn mi kò ju ti ẹ̀fọn lọ, "tùràrí wà lára ẹ̀."

"Mo ní imú, Ràfíà."

"Ẹ sì ní kí n kúnlẹ̀?"

"Ta ló ń kó àwọn ìyàwó ẹnjiníà wá síbí? Ṣé ìwọ ni? Àbí kí n pè wọ́n lópùrọ́ lójú ara wọn? Ọmọdé ni ẹ́. Ọjọ́ ṣì pọ̀ níwájú ẹ."

"Ọjọ́ tiẹ̀ wá lẹ̀ ń fi ṣe sàráà, Àǹtí," Rónkẹ́ ní.

"Ìwọ, gbẹ́nu ẹ dákẹ́." Màdáámù gbé sílíkì náà, wọ́n gbé e ka orí tábìlì mi. "Láàárọ̀ ọ̀la ni kí o gé e. Ìwọ lo mọ ara wọn jù. Wọn ò ní mọ̀."

Ẹ bá mi gbọ́ o. Ọwọ́ tí kò tó gba fírídọ̀ọ̀mù, òun kan náà ló tó rán aṣọ tí ẹlòmíràn máa gba ọpẹ́ rẹ̀! Irọ́ oníbàárà kì í ṣe tuntun sí mi. Oníbàárà á sanra, á ní aṣọ ló súnkì. A ó rẹ́rìn-ín, a ó tú ojú rírán, ìyẹn wà nínú iṣẹ́. Irọ́ Mọ́mì Kúnlé kò dùn mí tó imú Màdáámù. Ẹni tí kò mọ̀, tó wá dá mi lẹ́bi, mo lè forí jì í. Ẹni tó gbóòórùn òtítọ́, tó ká a sínú báàgì, tó sì jẹ́ kí n máa bẹ̀bẹ̀ nìṣó, kí ni kí n pe ìyẹn? Wọ́n ní ọ̀gá ni ìyá kejì. Ìyá wo ló ń ti ọmọ rẹ̀ síwájú kó wá bá àlejò ru irọ́?

Nígbà tí mo délé tí mo sọ fún ẹ̀gbọ́n mi, ó fọwọ́ lérí.

"Kí la fẹ́ wí fún àwọn tá a pè? Kí la fẹ́ wí fún Ìyá? Ràfíà, tún padà lọ bẹ̀ wọ́n. Ẹ̀bẹ̀ kì í gba nǹkan lọ́wọ́ ẹni."

Ohun tí ẹ̀bẹ̀ gbà lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ yẹn, mo mọ̀ ọ́n.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, èmi ni mo kọ́kọ́ dé ṣọ́ọ̀bù, bí mo ṣe máa ń ṣe. Mo tan iná gáàsì kí yàrá lè móoru. Mo gbálẹ̀. Mo gbé sílíkì aláwọ̀ àlùbọ́sà náà kúrò lórí tábìlì mi, mo ká a dáadáa, mo sì gbé e síwájú mọṣíìnì Màdáámù, láìgé, pẹ̀lú tépù lórí rẹ̀. Mo wá òwú tó bá àwọ̀ rẹ̀ mu. Mo mú páálí jáde nínú báàgì mi, mo ṣí i, mo yọ àlùmọ́gàjí tí ìyá mi fi ránṣẹ́, láìdúró de ẹni tó máa fà á lé mi lọ́wọ́, mo fi gé ẹnu òwú náà kó lè mú, mo sì fi í sí abẹ́rẹ́ fún wọn, nítorí ojú wọn kò ríran dáadáa. Mo fà á kó gùn díẹ̀, kí wọ́n lè rí i. Lẹ́yìn náà mo gbé àlùmọ́gàjí mi sórí tábìlì tèmi, mo fa síkẹ́ẹ̀tì obìnrin Oldham kan tí síìpù rẹ̀ ti kú mọ́ra, mo jókòó, mo sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.