Ìlú Èédú Tó Gba Bàbá Wa

Ó ti rẹ̀ mí ká tó kúrò nílé. Bàbá mi ló ní àfi dandan kóun tún fojú kan Enúgu, ìlú tó ti ṣiṣẹ́ nínú kòtò èédú kí wọ́n tó ti kòtò náà pa. Àwọn àbúrò mi tó wà lókè òkun ní kí n tètè gbé e lọ. Ẹnu lásán ni wọ́n fi ń ṣe tiwọn. Wọ́n ní ẹni tó bá rìn jìnnà ni yóò rí abuké ọ̀kẹ́rẹ́; láti Àjárá tí ilé wa wà dé Morógbo péré, ìbàdí ríro ni èmi kọ́kọ́ rí.

Ṣùgbọ́n èmi náà ní ohun tí mo ń wá lọ. Nígbà tí a wà ní kékeré, ọdún lè yípo ká má fojú kan bàbá wa. Ó ń fi owó oúnjẹ ránṣẹ́, òun fúnra rẹ̀ kò ní wá. Ìyá mi, tó ń yan ẹja tà, gbà pé ó níyàwó lọ́hùn-ún. Nígbà tí bàbá mi fẹ̀yìn tì wálé, ìjà obìnrin yẹn ni wọ́n ń jà títí ìyá mi fi kú. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá a ní ọbàkan níbẹ̀.

Ìlú náà dára, n kò ní purọ́. Òkè yí i ká, igbó igi páìnì wà níbẹ̀, ihò àpáta sì wà tí omi ń já bọ́ sínú rẹ̀. Ọkùnrin tó ń mú àlejò káàkiri ní fàdákà làwọn òyìnbó ń wá kiri tí wọ́n fi kan èédú, pé èédú ló sì gbé rélùwéè débẹ̀. Àwọn èèyàn ń ya fọ́tò. Bàbá mi kò wo òkè, kò wo omi. Nílé tí a wọ̀ sí, ó fi ọ̀pá kan àjà kó tó jókòó, bó ṣe máa ń ṣe nílé. Mo bi í léèrè. Ó ní nínú kòtò, bí òkè orí èèyàn bá dún bí ohun tó ṣófo, kéèyàn sá ni.

Lọ́jọ́ kejì a dé ẹnu kòtò náà. Igbó ti bò ó. Bàbá jókòó sórí òkúta, ó ń mí gúlegúle, mo sì bi í.

“Bàbá, ẹ má bínú. Ṣé ẹ fẹ́yàwó níbí?”

“Rárá.”

“Kí ló wá dé tí ẹ kì í wálé nígbà ìsinmi?”

“Ó máa ń rẹ̀ mí ni. Bí wọ́n bá ti fún wa nísinmi, màá sùn. Màá jí, màá jẹun, màá tún sùn. Kára mi tó balẹ̀, wọ́n á ti ní ká padà wọlé.”

“Ẹ ò sọ fún ìyá wa?”

“Mo sọ. Kò gbà mí gbọ́.”

Mo gbà á gbọ́, inú sì bí mi. Ì bá tẹ́ mi lọ́rùn kí obìnrin náà wà. Ìyá mi kì bá tí fi gbogbo ayé rẹ̀ bá ẹni tí kò sí jà.